Nọ́ńbà Pípé Kẹrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, bàbá mi ni hẹ́dìmásítà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí ojú ọmọ hẹ́dìmásítà ń rí láyé ìgbà yẹn. Bí aago bá ti lù, àwọn ọmọ yòókù ti bọ́ nìyẹn. Àwa ní tiwa, ilé-ìwé á tẹ̀ lé wa wálé, á bá wa jókòó ti oúnjẹ, á sì tún bá wa lọ sóko ní Sátidé.

Àwa méjì ni Ọlọ́run dá sí fún àwọn òbí wa, èmi Bọ́láńlé àti ẹ̀gbọ́n mi, Káyọ̀dé. Ó fi ọdún kan àti díẹ̀ jù mí lọ. Bùlálà ni wọ́n fi kọ́ mi kí n tó máa pè é ní bọ̀dá, síbẹ̀, bí kò bá ti sí àgbà nítòsí, Káyọ̀dé náà ni. Ó tún kíláàsì kan kà, ìyẹn ló jẹ́ kí a jọ wà ní kíláàsì kan náà títí dé ìwé mẹ́fà. Ará Bùnù ni ìyá wa, láti Odò-Àpé. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì ń ṣe epo. Wọn kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ẹni tó ń kọjá lójú títì á kí wọn kú ayọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa kún fún igi kajú. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, kajú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àyíká, eṣinṣin á dé, adán á dé, àwa náà á dé. A máa ń fa omi rẹ̀ mu títí ọ̀fun á fi há wa. Kò sí aṣọ mi kan tí kò ní àbàwọ́n kajú. Ìyá wa ní aṣọ ilé-ìwé mi dà bíi máàpù. Inú ìkòkò fífọ́ ni a ti ń sun kóró rẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì máa ta wá lójú. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tó fi eyín pa kóró tútù, ètè rẹ̀ á bó bí ètè ẹni tó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Lásìkò kajú, Káyọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ètè.

Kóró kajú yìí náà ni Bàbá fi ń kọ́ wa ní nọ́ńbà. Lọ́sàn-án Sátidé, bí a bá ti oko dé, tí a ti jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á da kóró sílẹ̀, wọ́n á dárúkọ nọ́ńbà kan, wọ́n á sì ní, "Ẹ tú u."

Títú ni pé kí a to kóró náà ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí a máa wo èyí tí kò ní ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà tó bá pín in láìṣẹ́kù, Bàbá ń pè é ní ọmọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ro gbogbo ọmọ inú pọ̀. Ti méjìlá ni ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti mẹ́fà. Rò wọ́n pọ̀, wọ́n di mẹ́rìndínlógún, wọ́n ju ìyá wọn lọ. Bàbá á ní, "Aláṣejù." Ti mẹ́wàá ni ọ̀kan, méjì àti márùn-ún, mẹ́jọ péré. "Aláìtó." Mẹ́tàlá kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbélé àfi ọ̀kan ṣoṣo. "Àpọ́n nìyẹn." Ìyá wa tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ibẹ̀ á wá béèrè pé ta ni ń se oúnjẹ fún gbogbo àwọn àpọ́n yìí, Bàbá pàápàá á sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí mẹ́fà, ẹ̀rín á tán lẹ́nu Bàbá. Ọmọ inú mẹ́fà ni ọ̀kan, méjì àti mẹ́ta. Rò wọ́n pọ̀, mẹ́fà géérégé. Kò lé, kò dín. "Ìyẹn ni nọ́ńbà pípé," wọ́n á ní, bí ẹni ń ka Bíbélì. Méjìdínlọ́gbọ̀n náà pé. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tún sí òmíràn títí o ó fi dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́rin. Olùkọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà ti sọ fún wọn pé ẹ̀kẹrin wà, ó sì dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibà ń ṣe Bàbá lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà ọ̀hún sì lọ mọ́ wọn lórí. Ohun kan tí wọ́n rántí ni pé ó pọ̀ gan-an. Ó ń dùn wọ́n bí ìgbà tí ẹ̀gún há sí ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn Sátidé. Nọ́ńbà kì í bẹ̀rù mi, èmi náà kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bí mo bá ń pọnmi, mo máa ń tú nọ́ńbà. Bí mo bá ń gún iyán, mo máa ń tú u. Káyọ̀dé ní tirẹ̀, ìyà ni Sátidé jẹ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọgbọ́n tirẹ̀ wà. Ó lè fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò tí táyà rẹ̀ ń yí, ó lè tú rédíò Bàbá palẹ̀ kí ó tò ó padà, kí rédíò náà sì tún máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí kóró bá ti pọ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Bí ó bá ṣì í, Bàbá á yọ ẹran inú àwo rẹ̀. Bí ó bá tún ṣì í, á kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á kọjú sí ògiri títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Mo máa ń ju ẹran mi sẹ́yìn fún un, òun náà á sì ṣí ẹnu hàù bí ọmọ ẹyẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ inú mẹ́sàn-án ni méjì. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Káyọ̀dé, aláìtó ni ìwọ náà." Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ bí àwàdà. Nígbà tó yá, ó di orúkọ. Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ ọ, wọ́n gbé e. Bí a bá ń lọ sódò, wọ́n á máa pariwo, "Aláìtó! Aláìtó!" Káyọ̀dé á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dun òun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n rí ojú òun.

Ọdún tí a wà ní ìwé mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé gíga dé. Ilé-ìwé ìjọ kan wà lọ́nà Ìlọrin tí gbogbo tíṣà ń lá àlá rẹ̀ fún ọmọ wọn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sùn síbẹ̀ ni, aṣọ funfun báláú ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀gá wọn sì máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò. Ní Sátidé kan, lójú ìyá wa, Bàbá nu ẹnu wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni agbára mi ká. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà pípé kẹrin nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun ni yóò lọ."

Ìyá wa gbé ojú sókè. "Ẹnikẹ́ni nínú wọn?"

"Ẹnikẹ́ni nínú wọn."

Láti ọjọ́ náà, mo sọ ara mi di wèrè nọ́ńbà. Mo kọ́kọ́ ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ sókè, kóró kajú kò sì tó mọ́. Mo fi òkúta kún un, mo fi ìkarahun ìgbín kún un, síbẹ̀ mo rí i pé màá darúgbó sẹ́nu rẹ̀. Mo wá fi èédú kọ àwọn mẹ́ta tí a mọ̀ sára ògiri ilé ìdáná, mo ń wò wọ́n bí mo ṣe ń koná. Mẹ́fà jẹ́ méjì lọ́nà mẹ́ta. Méjìdínlọ́gbọ̀n jẹ́ mẹ́rin lọ́nà méje. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún lọ́nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo wò ó, mo tún un wò. Méjì, mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún, ìlọ́po méjì-méjì ni wọ́n fi ń gòkè. Mẹ́ta, méje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí o bá sọ nọ́ńbà tó wà níwájú wọn di ìlọ́po méjì, tí o yọ ọ̀kan kúrò, àwọn nìyẹn.

Kí ló wá dé tí wọ́n fo mẹ́jọ? Ìlọ́po méjì mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Yọ ọ̀kan, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ọgọ́fà, ọgọ́fà sì jẹ́ aláṣejù burúkú. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú ààrò. Ẹ̀wà ń jó, n kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó yá ni ó là sí mi. Mẹ́ta jẹ́ àpọ́n. Méje jẹ́ àpọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ àpọ́n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe àpọ́n ní tirẹ̀, mẹ́ta àti márùn-ún ń gbé inú rẹ̀, àwọn ni wọ́n bà á jẹ́.

Ìyá wa wọlé bá èéfín, wọ́n fi ìpọnbẹ̀ kàn mí lórí, èmi sì ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé a lè gbá ènìyàn lórí kí inú rẹ̀ máa dùn.

Mo mú ọ̀nà náà pọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n gbé mi dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n méje àti mẹ́sàn-án ń gbé ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gbé mi dé mẹ́tàdínláàádóje. Mo fi méjì pín in, ó ṣẹ́ kù. Mo fi mẹ́ta pín in, mo fi márùn-ún, mo fi méje, mo fi mọ́kànlá. Gbogbo wọn ṣẹ́ kù. Àpọ́n paraku! Mo wá sọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta di ọ̀nà mẹ́tàdínláàádóje, mo sì ro gbogbo ọmọ inú rẹ̀ pọ̀, láti orí ọ̀kan dé orí èyí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ó pé. Ẹgbàárin ó lé méjìdínláàádóje. Mo pè é sókè nínú ilé ìdáná, ó kún ẹnu mi bí òkèlè iyán.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù tí Bàbá fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń rò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rò ó dópin, wọ́n gbé mi sókè. Bàbá mi, tí kì í fọwọ́ kan ènìyàn bí kò ṣe láti nà án, wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń kígbe, "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ wá wo nǹkan! Ọmọ yìí ti rí i!" Ẹran tó tóbi jù nínú àwo wọn ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi dòní, inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Lẹ́yìn èyí, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wo bọ́ọ̀dù, wọ́n á wo Káyọ̀dé tó ń fi okùn wáyà ṣeré, wọ́n á mí kanlẹ̀. Bó ṣe yá, wọ́n pè mí.

"Bọ́láńlé, bí o ṣe rí nọ́ńbà yẹn, kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kọ́ ọ kí ó mọ̀ ọ́n sórí."

Inú mi tún dùn. Mo rò pé Bàbá ti rí ọ̀nà tí àwa méjèèjì yóò fi lọ. Lójoojúmọ́, bí a bá ti dé láti ilé-ìwé, mo máa ń mú Káyọ̀dé jókòó sábẹ́ igi. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ní etí. Mo sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fi ohùn gbà, bí ìgbà tí a ń kọ́ kátíkísìmù. Kò pẹ́ tó fi lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ṣì, pẹ̀lú ìdí tí mẹ́jọ fi kùnà, pẹ̀lú ìdí tí mẹ́tàdínláàádóje fi jẹ́ àpọ́n. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ẹnikẹ́ni láyé mi nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ fún ìdánwò ẹnu, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo di aṣọ mìíràn sínú àpò ìrẹsì, mo sì dúró ti ẹnu ọ̀nà. Bàbá gbé báàgì wọn jáde, wọ́n rí mi.

"Ìwọ ń lọ síbo?"

"Ìdánwò, sà."

Wọn kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n gba àpò náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Bọ́láńlé, ọmọbìnrin ni ọ́. Orúkọ ẹlòmíì lo máa gbé gbogbo ohun tí a bá kọ́ ọ lọ fún. Káyọ̀dé ni yóò dúró sí ilé yìí. Mo sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kí ó lè jí lójú oorun ni."

Ìyá wa jáde láti ilé ìdáná, eérú wà lápá wọn. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Lójú mi lẹ sọ ọ́. Ọmọ náà ṣe é. Tíṣà, ọmọ náà ṣe é!"

"Ìyá Káyọ̀dé, ọkọ̀ ń dúró dè wá."

Káyọ̀dé wò mí. Wọ́n lọ. Ìyá wa jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú mi, wọ́n ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà." Wọn kò sọ ìyókù òwe náà.

Káyọ̀dé ló padà wá sọ bó ṣe rí fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé náà bi í ní nǹkan méjì-mẹ́ta, kò mọ̀ wọ́n. Bàbá wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sọ ohun kan tó fi ara rẹ̀ wá rí. Káyọ̀dé dìde, ó ka gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá rí èyí fúnra rẹ̀, Ọlọ́run ló rán an. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. "Orúkọ rẹ ti dé orí ahọ́n mi, Bọ́lá," Káyọ̀dé ní, "ni Bàbá bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀." Ó ra búrẹ́dì aládùn bọ̀ fún mi. N kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sórí àpótí mi títí eèrà fi bò ó.

Báyìí ni wọ́n ṣe mú ọmọ tí Ọlọ́run kò rán wọ ilé-ìwé. Nítorí nọ́ńbà náà, kíláàsì àwọn olóye ni wọ́n fi í sí. Ohun tí ọmọ mìíràn yóò gba ẹgba kan lé lórí, ẹgba mẹ́ta ni wọ́n ń fún Káyọ̀dé, nítorí wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n, pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó ṣe é. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ ọ́ ní "Nọ́ńbà Pípé", ó sì dun ún ju "Aláìtó" lọ. Kò tíì pé ọdún méjì tó fi sá. Odò-Àpé ló sá lọ, sọ́dọ̀ ìyá ìyá wa. Bàbá lọ mú un, wọ́n nà án, wọ́n dá a padà. Ó tún sá. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò yà sí Odò-Àpé. Nígbà tí a ó fi gbọ́ gbúròó rẹ̀, ó ti dé Kàdúná, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà.

Èmi ńkọ́? Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò Bàbá obìnrin ní Ìyàmoyè, pé kí n máa ran wọ́n lọ́wọ́. Gàrí ni a ń yan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó ti agbada gàrí rí mọ bó ṣe ń fa ojú pọ́n, tí ooru rẹ̀ ń wọ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àìsàn. Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sí ilé-ìwé gíga tó wà níbẹ̀, èyí tí ọmọ ń ti ilé lọ. Wọ́n ní Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo yọ ọmú, àgbẹ̀ kan wá tọrọ mi, wọ́n sì fún un. Ènìyàn rere ni, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Kò mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà, n kò sì sọ fún un rí. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìyá wa ló kọ́kọ́ kú. Káyọ̀dé wá sìnkú wọn, ó ti di bàbá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, àpá iná wà ní gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Kò wọ yàrá Bàbá. Bí a ṣe jókòó sẹ́yìn ilé, ó dédé ní, "Bọ́lá, nọ́ńbà rẹ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Mo ní, "Èmi náà, Bọ̀dá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ń gbọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sí Kàbà láti máa tọ́jú Bàbá. Ojú wọn ti ń ṣú, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń gé iṣu sí wẹ́wẹ́ fún wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ wá láti Àbújá, àwọn ènìyàn ńlá, agbádá wọn ń rọ́ gbìrìgbìrì. "Ẹ okun o, Bàbá. Ẹ okun, sà." Wọ́n kí wọn bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń yin Bàbá pé bùlálà wọn ló sọ àwọn di ènìyàn. Inú Bàbá dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn.

"Ẹ rántí ọmọ mi, Káyọ̀dé? Ìwé mẹ́fà péré ló wà tó fi rí nọ́ńbà pípé kẹrin. Fúnra rẹ̀! Kò sí ẹni tó kọ́ ọ."

Èmi ni mo gbé àwo omi dání níwájú wọn. Àwọn àlejò ń ṣe háà, wọ́n ń mi orí. Mo gbé àwo náà sílẹ̀.

"Bàbá, èmi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá kò yí tiwọn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wúkọ́. Òmíràn ní òjò ọdún yìí tètè dé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, mo padà wọlé, mo jókòó síwájú Bàbá. Mo bi wọ́n pé, bí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?

Bàbá mi fi ọwọ́ wá ojú mi, wọn kò rí i. "Bọ́láńlé," wọ́n ní, "ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

Kò sí ohun mìíràn. Mo lọ gbé oúnjẹ wọn wá, mo fi ṣíbí bọ́ wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n kú lẹ́yìn ìkórè. Mo fóònù sí Kàdúná. Káyọ̀dé gbọ́ mi títí, ó ní, "Ẹ sin wọ́n. Èmi ti sin wọ́n tipẹ́." A sin wọ́n dáadáa. Ìjọ kún. Ẹnì kan dìde, ó tún sọ ìtàn ọmọkùnrin tó rí nọ́ńbà. Mo wo ilẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ni.

Lónìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì, ìṣirò ló ń kà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ ta ni yóò gbé e lọ fún. Mo bi í nípa nọ́ńbà pípé karùn-ún. Ó tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ní títí di ìsinsìnyí, gbogbo èyí tí wọ́n rí ló ṣeé fi méjì pín, kò sì tíì sí ọ̀mọ̀wé kan láyé tó mọ̀ bóyá èyí tí kò ṣeé fi méjì pín wà tàbí kò sí. Wọ́n ṣì ń wá a. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń yan gàrí, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi.

Inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tó ń sáré wọ ọkọ̀ Lọ́kọ́ja pẹ̀lú ìwé lábíyá, nǹkan kan máa ń korò lọ́fun mi, àdúrà kò sì tíì fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn láti máa sọ pé ayé àtijọ́ ló dùn: ọmọ ń gbọ́ràn, oúnjẹ ń ṣara lóore, ilẹ̀kùn ilé kì í ní kọ́kọ́rọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. N kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè gbé ayé náà padà wá, tí wọ́n sì ń ka àwọn tí yóò wọ inú rẹ̀, kí wọ́n má ka èmi mọ́ ọn.